Orúkọ Kan, Báìtì Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ohun kékeré kan ni kò jẹ́ kí ọkàn mi sinmi. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan kó orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn kúrò nínú dàtábéèsì àtijọ́ lọ sínú tuntun. Nígbà tí wọ́n kó o tán, wọ́n gbé irinṣẹ́ ìfiwéra sí i, èyí tó máa ń wo dàtábéèsì méjì tí á sì tọ́ka sí ibi tí ọ̀kan ti yàtọ̀ sí èkejì. Irinṣẹ́ náà fi pupa kun ìlà kan. Lọ́wọ́ òsì: Bọ́lá. Lọ́wọ́ ọ̀tún: Bọ́lá. Mo wò ó, mo tún un wò. Lẹ́tà wọn dọ́gba, ohùn wọn dọ́gba, àmì ìsàlẹ̀ wọn kò yẹ̀. Síbẹ̀ ẹ̀rọ ní wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ náà fẹ́ kí á gbójú fò ó, nítorí gbogbo wa la rí i pé orúkọ kan ni. Èmi ò fara mọ́ ọn. Irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í dá ẹjọ́ láti inú ara rẹ̀; ohun tó bá rí ló ń sọ. Kí wá ló rí tí ojú tiwa kò rí?

Iṣẹ́ ìfiwéra kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ìdí kọ̀ǹpútà. Láti àwọn ọdún 1970 ni diff ti wà nínú Unix ní Bell Labs, Douglas McIlroy àti James Hunt ló sì wà nídìí rẹ̀. Fáìlì méjì ló máa ń kà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, á wá sọ èyí tí wọ́n fi kún un àti èyí tí wọ́n yọ. Ó rọrùn fún un nítorí pé fáìlì ní ìtòtẹ̀léra: ìlà kẹrin ló ṣáájú ìkarùn-ún. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1970, E. F. Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní IBM ní San Jose ní ìpínlẹ̀ California, kọ ìwé tí gbogbo dàtábéèsì onítábìlì dúró lé lórí títí di òní. Nínú ètò tirẹ̀, ìlà kankan kì í ṣe ìlà àkọ́kọ́. Ẹ gbọn tábìlì náà bó ṣe wù yín, tábìlì kan náà ni. Mo fẹ́ràn èrò yìí gidigidi, nítorí pé ó bọ́ ẹrù ibi tí nǹkan wà kúrò lọ́rùn wa, ó sì fi ohun tí nǹkan jẹ́ nìkan sílẹ̀.

Àmọ́ ó ṣòro fún ẹni tó fẹ́ fi tábìlì méjì wéra. Bí ipò kò bá sí, kí ni yóò sọ pé ìlà yìí níbí ni ẹnì kejì ìlà yẹn lọ́hùn-ún? Primary key ni, nọ́ńbà tàbí àmì tí kò ní ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ ìfiwéra dátà fi máa ń kọ̀ láti fọwọ́ kan tábìlì tí kò ní primary key, tí àwọn tó ń lò ó á sì rò pé ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Kò rí ohun tí yóò fi mọ ẹni tó ni orúkọ ni.

Bí key bá wà, púpọ̀ nínú wọn ń ṣe bí akọ̀wé méjì tí kálukú wọn di ìwé orúkọ mú. Wọ́n á to ìwé méjèèjì, ọ̀kan á pe orúkọ, èkejì á dáhùn, wọ́n á jọ máa sọ̀kalẹ̀. Bí bátànì ìtòlẹ́sẹẹsẹ wọn kò bá dọ́gba, wàhálà dé. Àwọn oníṣẹ́ dàtábéèsì ń pe òfin tó ń sọ lẹ́tà tó ṣáájú àti lẹ́tà tó bá èkejì dọ́gba ní collation. Lábẹ́ òfin tó ń wo nọ́ńbà lẹ́tà lásán, ọ á wà lẹ́yìn z pátápátá. Lábẹ́ òfin tó mọ álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá, ẹ̀yìn o ló wà, kí a tó kan p. Bí key bá jẹ́ orúkọ, tí òfin kọ̀ọ̀kan sì wà níbì kan, akọ̀wé kan á ti dé Pópóọlá nígbà tí èkejì ṣì wà lórí Ọ, irinṣẹ́ á wá ké pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlà ló sọnù níhìn-ín, pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló lé lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ ohunkóhun kò sọnù.

Ti schema, ìyẹn ètò tábìlì àti kọ́lọ́ọ̀mù fúnra wọn, tún ní tirẹ̀. Bí ẹni tó dá tábìlì sílẹ̀ nínú SQL Server kò bá fún òfin iye àkọ́kọ́ kọ́lọ́ọ̀mù lórúkọ, SQL Server á sọ ọ́ lórúkọ fúnra rẹ̀. Á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DF__, á sì fi nọ́ńbà kan parí rẹ̀ tí kò ní bá ti dàtábéèsì mìíràn mu. Iṣẹ́ kan náà ni òfin méjèèjì ń ṣe, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ á ní wọ́n yàtọ̀, àfi tí ẹ bá sọ fún un pé kí ó má wo irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Èyí kò burú púpọ̀. Èyí tó burú ni kí a yí orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù padà. Ẹni tó mọ ìtàn mọ̀ pé «fóònù» ló di «nọ́ńbà_fóònù». Irinṣẹ́ kò mọ ìtàn. Ipò òní ló ń wò. Ohun tó rí ni pé kọ́lọ́ọ̀mù kan ti lọ, òmíràn ti dé, yóò sì kọ àṣẹ SQL tó máa pa ti àkọ́kọ́ rẹ́ pẹ̀lú gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀, kí ó tó dá tuntun tó ṣófo sílẹ̀. Nítorí èyí ni Microsoft ṣe fi fáìlì refactorlog sínú irinṣẹ́ dàtábéèsì wọn fún Visual Studio, kí ìyípadà orúkọ lè ní àkọsílẹ̀. Ẹ máa ka àṣẹ tí irinṣẹ́ bá kọ tán kí ẹ tó fún un láyè láti ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ Bọ́lá. Mo ní kí wọ́n fi báìtì orúkọ méjèèjì hàn mí. Ti òsì jẹ́ báìtì mẹ́sàn-án, ti ọ̀tún jẹ́ mẹ́jọ. Lósì, ọ tó ní àmì ìsàlẹ̀ wà gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan, U+1ECD nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, ohùn òkè sì tẹ̀ lé e, U+0301. Lọ́tùn-ún, ó tó ti ní ohùn òkè tẹ́lẹ̀ ló ṣáájú, U+00F3, kí wọ́n tó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, U+0323. Kíbọ́ọ̀dù ẹni àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ti ẹnì kejì bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Nígbà tí ó bá dé ojú ìwé, wọ́n pàdé.

Ọ̀nà mẹ́rin ni a lè gbà tẹ ọ́ nínú Unicode: méjì tí mo sọ yìí, àti o lásán tí a fi àmì ìsàlẹ̀ sí kí a tó fi ohùn sí i, tàbí tí a fi ohùn ṣáájú. Á ní ọ̀nà méjì. Nítorí náà, ọ̀nà mẹ́jọ ni a lè gbà kọ Bọ́lá tí ojú kò ní mọ̀ ọ́n. Ọlátúnbọ̀sún ní mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Mo jókòó ti ìṣirò yìí fún ìgbà pípẹ́, nítorí pé n kò rò pé ohun tí a ń kọ́ ọmọdé ní kíláàsì àkọ́kọ́ lè ní ìlẹ̀kùn tó tó bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí ọ́ kò fi ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí á sì ní? Ìdáhùn náà kò sí ní ilẹ̀ Yorùbá rárá. Nínú tábìlì Unicode, ẹ àti ọ wà ní apá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún èdè Vietnam. Nínú èdè Vietnam, àmì ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni ohùn. Lẹ́tà tó bá ti ní in kò tún nílò ohùn mìíràn lórí, nítorí pé ìró kan kì í ní ohùn méjì. Wọ́n nílò ộ, tó ní fìlà lórí, nítorí pé fìlà náà jẹ́ ti fáwẹ̀lì fúnra rẹ̀, wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ọ́ àti ọ̀ kò sí nínú àìní wọn. Tiwa ni àmì ìsàlẹ̀ ti jẹ́ ti fáwẹ̀lì, tí ohùn sì wà lókè, nítorí náà a nílò méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé ẹlòmíràn la wọ̀, a bá ẹ àti ọ níbẹ̀ ní sísè, a sì ní láti fúnra wa gbé ohùn lé wọn lórí. Unicode kò sì ní ṣí nọ́ńbà tuntun fún irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí pé wọ́n ti ṣèlérí pé ìlànà tó ń mú ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá sójú kan kò ní yí padà. Bí mo ṣe ń kà á, inú mi kò bàjẹ́. Ìwọ̀n tí wọ́n wọn tiwọn náà ló bá tiwa mu dé ìdajì, ó sì yà mí lẹ́nu pé ó tó bẹ́ẹ̀.

Ìlànà tó ń mú wọn dọ́gba ni wọ́n ń pè ní NFC. Bí a bá fi Bọ́lá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bọ inú rẹ̀, ọ̀kan péré ni yóò jáde. PostgreSQL kì í ṣe é fúnra rẹ̀: lábẹ́ òfin rẹ̀ tí a kò bá yí padà, báìtì tí kò bá dọ́gba, ọ̀rọ̀ tí kò dọ́gba ni. Láti ẹ̀dà 13, ní ọdún 2020, ló ti ní iṣẹ́ normalize tí a lè pè. MySQL 8.0 yàtọ̀ sí i. Collation tí ó ń lò bí a kò bá yan òmíràn kò ka àmì sí rárá, kò sì ka lẹ́tà ńlá sí; owó, òwò, ọwọ́ àti ọ̀wọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà lójú rẹ̀. Bí kọ́lọ́ọ̀mù orúkọ bá wà lábẹ́ òfin pé kí ohun kan má wáyé lẹ́ẹ̀mejì, yóò kọ̀ fún Bólà láti wọlé nítorí pé Bọ́lá ti wà níbẹ̀. Síbẹ̀ irinṣẹ́ tó ń ṣe àròpọ̀ báìtì, bíi pt-table-checksum ti Percona, á ní apá méjì náà yàtọ̀, nígbà tí MySQL fúnra rẹ̀ ní wọ́n dọ́gba. Àwọn méjèèjì ń sọ òtítọ́. Ìbéèrè tí wọ́n dáhùn ni kì í ṣe ọ̀kan náà.

Èyí tí kò ní àtúnṣe ni ti SQL Server àtijọ́ tó ń lo varchar lábẹ́ álífábẹ́ẹ̀tì ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. Ṣadé á wọlé, ?adé á jáde. Irinṣẹ́ lè fi hàn yín pé ó yàtọ̀, ṣùgbọ́n kò sí irinṣẹ́ tó lè sọ lẹ́tà tí àmì ìbéèrè yẹn gbé mì.

NFC kò sì parí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan nínú àwọn baba wa kì í fi tóótó sí ìsàlẹ̀ ọ. Ìlà ìnàró kékeré ni wọ́n ń fà, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí mo dàgbà bá. Unicode ní nọ́ńbà fún ìlà náà, U+0329, ṣùgbọ́n lójú rẹ̀ kò ní ìbátan kankan pẹ̀lú tóótó. Ní ọdún 1875, CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, pe àpérò sí Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther sì wà lára wọn. Láti ìgbà yẹn títí di ìwé Ayọ̀ Bámgbóṣé lórí àkọtọ́ ní 1965 àti ìpinnu ìjọba ní 1974, àwọn àgbà ń jókòó láti sọ ohun tí ó jẹ́ ọ̀kan àti ohun tí kì í ṣe ọ̀kan. Oshogbo di Òṣogbo, Shagamu di Ṣàgámù, enia di ènìyàn. Orúkọ àwọn ènìyàn fúnra wọn kò tẹ̀ lé wọn. Ẹni tí baba rẹ̀ fi Sh kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé-ẹ̀rí ṣì ń fi Sh kọ ọ́. Ní orílẹ̀-èdè Benin, ní Kétu àti Pọ́bẹ̀, ɔ àti ɛ ni wọ́n ń lò, bẹ́ẹ̀ èdè kan náà là ń sọ. Bí Bɔ́lá láti Kétu bá wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, ṣé orúkọ kan náà ni pẹ̀lú Bọ́lá?

Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni, mo sì tún rò pé kò yẹ kí kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di ọ̀kan. Orúkọ jẹ́ ti ẹni tó ń jẹ́ ẹ, bó ṣe kọ ọ́ ló ṣe ni ín. Bóyá ohun tó yẹ ni pé kí ìdọ́gba báìtì jẹ́ ti ẹ̀rọ, kí ìdọ́gba orúkọ jẹ́ ti olórúkọ, kí nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ sì ṣe atọ́kùn láàárín méjèèjì. N kò tíì dá ara mi lójú lórí èyí pátápátá, pàápàá níbi tí bánkì àti ìwé ìrìnnà bá ti kan ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó orúkọ wa sínú dàtábéèsì, ní ilé-ìwé, ní ìjọ, ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mo bẹ̀ yín: ẹ fi orúkọ kọ̀ọ̀kan bọ NFC kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀, ẹ lo irú kọ́lọ́ọ̀mù tó lè gba gbogbo Unicode, ẹ má sì fi orúkọ ṣe primary key. Bí irinṣẹ́ ìfiwéra bá sì fi pupa kun orúkọ méjì tó jọra, ẹ wo báìtì wọn kí ẹ tó pa ìkìlọ̀ náà tì.