Aṣọ ìyàwó tí mo bá lára ògiri ní Niamey

Odò Ọya tí gbogbo wa mọ̀ ní Jẹ́bbà àti Lọ́kọ́ja, òun náà ló gba Niamey kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 2019 tí mo lọ sí ìlú náà, Èkó ni mo ti wọkọ̀. A gba Kútọnu, a gba Parakou, a dé Malanville, a sọdá odò sí Gaya, ó di Dosso, ó di Niamey. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ̀yìn fi ń ro mí lẹ́yìn ìrìn àjò náà. Kí ẹni tó bá fẹ́ tọ ọ̀nà yẹn báyìí kọ́kọ́ wádìí dáadáa o, nítorí láti ìgbà tí àwọn ológun ti gbàjọba ní Niger ní oṣù keje ọdún 2023 ni ọ̀rọ̀ ibodè Gaya ti di wàhálà.

Aṣọ ló gbé mi débẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ló sọ fún mi pé àwọn Zarma, tí àwọn Haúsá ń pè ní Zabarmawa, ní aṣọ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní téra-téra, tí ìyá ìyàwó máa ń fún ọmọ rẹ̀ nígbà tó bá ń lọ sílé ọkọ, tí wọ́n sì máa ń ta sára ògiri yàrá. Ó ní gbogbo ìgbésí ayé ará oko ló wà lára rẹ̀. Èmi wá ń fọkàn yàwòrán obìnrin tó ń gún jéró, ọkùnrin tó ń da màlúù àti ọmọdé tó ń pọn omi.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba ni mo kọ́kọ́ gbà lọ. Oṣù Kejìlá ọdún 1959 ni wọ́n ṣí i, kí Niger tó gba òmìnira. Boubou Hama, òǹkọ̀wé àti olóṣèlú, ló ro ọgbọ́n rẹ̀, ọmọ Spain kan tó ń jẹ́ Pablo Toucet ló sì kọ́kọ́ ṣàkóso rẹ̀. Orúkọ Boubou Hama ni wọ́n fi ń pè é báyìí. Ibẹ̀ kò jọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a mọ̀ níbí rárá: ẹranko wà nínú àgọ́, ilé oríṣiríṣi ẹ̀yà orílẹ̀-èdè náà wà níbẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sì jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ náà ni wọ́n kó òkú igi Ténéré sí, igi kan ṣoṣo tó dá wà láàárín aṣálẹ̀ tó lọ salalu, tí ọkọ̀ akẹ́rù sì lọ kọ lù ní ọdún 1973. Ẹ gbà mí, nínú gbogbo iyanrìn yẹn, igi náà ni awakọ̀ rí!

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ, ara mi balẹ̀. Ẹni tó bá dijú, tó ń gbọ́ ìró òfì wọn, yóò rò pé Ìsẹ́yìn lòun wà. Ọkùnrin ló ń hun ún, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti aṣọ òkè wa, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tò ó pọ̀, tí wọ́n á rán an. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ahunṣọ kò ya ohunkóhun sórí ìwé. Orí ló fi ń ka òwú, tí ọnà tó wà lára ìgbànú kan yóò fi bá ti èkejì mu gẹ́ẹ́ nígbà tí wọ́n bá rán wọn pọ̀. Pupa, dúdú, funfun, àwọ̀ ọsàn, gbogbo rẹ̀ onígun mẹ́rin àti onígun mẹ́ta. Mo wo aṣọ títí, n kò rí ènìyàn kankan. Mo bèèrè ibi tí obìnrin tó ń gún jéró wà. Ahunṣọ rẹ́rìn-ín, ó ní bí mo bá ń wá àwòrán, kí n lọ sí Senegal. Kò purọ́, nítorí ní Thiès lọ́hùn-ún, ilé iṣẹ́ tí Ààrẹ Senghor ṣí ní ọdún 1966 ń hun àwòrán ènìyàn sára aṣọ ògiri. Ó ní àtijọ́ aṣọ kò sì sí lọ́wọ́ òun, inú ilé àwọn arúgbó ni wọ́n wà.

Alhaja kan, ọmọ Ṣakí, tó ń ta aṣọ lọ́jà ńlá, tó sì gbọ́ Zarma bí omi, ló mú mi dé ilé ìyá arúgbó kan. “Fofo, fofo,” ni a fi kí ara wa, a sì wọlé. Aṣọ náà gba gbogbo ògiri ẹ̀yìn ibùsùn. Àwọ̀ rẹ̀ ti rẹlẹ̀ bí ẹni pé wọ́n bu omi là á, ṣùgbọ́n òwú rẹ̀ ki, òwú tí wọ́n fi ọwọ́ ran ni. Ìyá ìyá náà ló ran òwú náà, ahunṣọ sì hun ún.

Mo ní kí Alhaja bá mi bèèrè ìtumọ̀ àwọn ọnà náà. Ìyá kò sọ̀rọ̀ ọnà rárá. Ó fi ọwọ́ kan etí aṣọ, ó ní ibi tó pọ́n yìí, èéfín tùràrí ló ṣe é nígbà ìkómọ àkọ́bí òun. Ó fi ọwọ́ kan ibòmíràn, ó ní òrùlé jò níbí ní ọdún òjò kan. Ibi tí wọ́n lẹ̀, ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́. Mo dákẹ́. Ìgbésí ayé ará oko tí wọ́n sọ fún mi nìyẹn.

Kí n má parọ́, owó sẹ́fà wà lápò mi. Mo rọra sọ iye kan létí Alhaja. Ó wò mí lójú, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èmi ò ní túmọ̀ ìyẹn fún Màmá.” Ṣùgbọ́n arúgbó ti wo ọwọ́ mi tó wà lápò, ọ̀rọ̀ sì ti yé e.

Ó ní méjì ni ìyá òun fún òun. Ní ọdún 1984 tí ọ̀dá dá, tí odò náà fi gbẹ ní Niamey lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àlejò kan wá, òun fi èkejì gba àpò jéró lọ́wọ́ rẹ̀. Jéró náà làwọn ọmọ òun jẹ tí wọn kò fi kú. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó kábàámọ̀. Ohun tó ń dùn ún ni pé kò mọ ibi tí aṣọ náà wọlẹ̀ sí. Ó bi mí, níwọ̀n bí mo ti ń rìn káàkiri, ṣé mo ti rí i rí?

Kí ni mo fẹ́ wí? Aṣọ ilẹ̀ Niger wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn òyìnbó, wọ́n sì máa ń kọ orúkọ orílẹ̀-èdè àti ọ̀rúndún sábẹ́ rẹ̀ láìdárúkọ ẹni tó hun ún tàbí ẹni tó ni ín. Bí ẹtù àti sányán àwọn ìyá wa náà ti ṣe lọ nìyẹn. Mo rántí àpótí ìyá tèmi, àti iye tí àwa ọmọ rẹ̀ gbà lórí alárì tó wà nínú rẹ̀, alárì tí òwú rẹ̀ gba aṣálẹ̀ yìí kan náà kọjá láti Tripoli, lórí ràkúnmí, kó tó dé Kánò, kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Kò tó owó aṣọ òde kan lónìí.

Kí a tó jáde, ìyá náà fún mi ní àmì. Ó ní ní igun apá òsì, nísàlẹ̀, ìyá òun fi òwú dúdú tún ibi tó ya rán, ìrán náà sì wọ́. Láti ìgbà náà, ibikíbi tí mo bá ti rí irú aṣọ yẹn, ìbáà ṣe nínú ìwé tàbí lára ògiri, igun apá òsì ni mo kọ́kọ́ máa ń wò.