Oògùn Tí À Ń Jí Lò Nínú Ilé Wa

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi ní Turin, Padua, Verona àti Brescia, bí a bá pàdé lẹ́yìn ìsìn tàbí níbi ìsọmọlórúkọ, ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ilé àti ìwé ìgbélùú la máa ń sọ. Ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tí a máa ń fò dá. Àwọn kan nínú wa ń lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí dókítà kọ fún wọn. Ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ ni wọ́n ń fi í pamọ́ sí, wọ́n á ti ya páálí rẹ̀ sọnù. Ọkọ kò gbọdọ̀ rí i, ọmọ kò gbọdọ̀ béèrè, ìyá tó wà n'Íbàdàn kò gbọdọ̀ gbọ́, kí wọ́n má baà ní orí ẹni ti dàrú.

Ìkọ̀kọ̀ yẹn ló ń sọ oògùn di ewu mọ́ wa lọ́wọ́, nítorí ẹni tó ń jí oògùn lò kì í lè béèrè ìbéèrè. Sertraline, escitalopram àti paroxetine wà lára àwọn tí dókítà máa ń kọ, wọn kì í sì í ṣiṣẹ́ bíi Panadol. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, nígbà mìíràn mẹ́fà, lè kọjá kí ọkàn tó fúyẹ́. Láàárín ìgbà náà, èébì lè máa gbéni, oorun lè má wá, ara lè má balẹ̀. Ọ̀pọ̀ á jáwọ́ níbẹ̀, wọ́n á ní oògùn òyìnbó kò bá ara àwọn mu.

Àwọn mìíràn á fara dà á, ara á yá, wọ́n á wá dá a dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo torí pé adúrà ti gbà. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì mẹ́ta, òòyì á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn. Bí wọ́n bá kàn yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, á dà bíi pé iná mànàmáná gbá wọn lórí. Àlá burúkú, ẹkún tí kò nídìí, ìbínú sí ọmọ tó kàn ní òun fẹ́ omi. Ti paroxetine máa ń le gan-an. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ayé ló ń ṣe òun, bẹ́ẹ̀ oògùn tí a já lójijì ni. Dókítà ló yẹ kó dín in kù díẹ̀díẹ̀, ó sì lè gba oṣù mélòó kan. Kódà bí ara bá ti yá, wọ́n sábà máa ń ní ká ṣì lò ó fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, kí àìsàn má baà padà. Èmi gba adúrà gbọ́ tọkàntọkàn, adúrà kò sì ní ká má gbọ́ ti dókítà.

Bí ojú bá ń ṣepin, ojú là á fi í hàn. Gbogbo ohun tí ẹ ń lò ni kí ẹ sọ fún dókítà. Tramadol tí ẹlòmíràn ń lò fún ẹ̀yìn ríro lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́ lè bá oògùn yìí jà: òógùn á bò ó, ara á máa gbọ̀n, àyà á máa lù kìkì. Ilé ìwòsàn pàjáwìrì ló kàn. Ewéko iperico tí wọ́n ń tà láìbéèrè ìwé dókítà lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Bí a bá lo ibuprofen tàbí aspirin pẹ̀lú rẹ̀, ó lè mú kí inú ṣẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ń lo escitalopram tó fẹ́ relé lọ ṣe Kérésì, kó tètè béèrè nípa oògùn ibà tó ní artemether àti lumefantrine, nítorí àpapọ̀ wọn lè da lílù ọkàn rú. Kó sì kó oògùn tó máa tó o dání.

Ẹ̀rù pé wọ́n á ti àwọn mọ́ ilé wèrè tún ń ba àwọn kan. Franco Basaglia, dókítà àrùn ọpọlọ tó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Padua, ló ṣáájú ìjà tó bí òfin 180 ti ọdún 1978, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilé wèrè pa jákèjádò Ítálì. Ẹni tó bá lọ sí Centro di Salute Mentale, ibi ìtọ́jú ọkàn, lónìí, ilé rẹ̀ ló sábà máa ń padà sí. Irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa: ní Àrò, l'Ábẹ́òkúta, láàárín ọdún 1950 sí 1959, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo ti ń jẹ́ kí aláìsàn máa gbé pẹ̀lú àwọn ará abúlé, kí ó máa wá gba ìtọ́jú. Ní Turin, Centro Frantz Fanon ti ń tọ́jú ọkàn àwọn àjèjì láti 1996.

Ó wá ku àwọn ọmọ. Ẹ má fi wọ́n ṣe ògbufọ̀ níwájú dókítà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kò yẹ kó máa túmọ̀ pé ìyá òun kò fẹ́ wà láàyè mọ́. Ẹ béèrè fún mediatrice culturale, obìnrin ògbufọ̀ tó mọ àṣà wa. Ẹ gbé oògùn sókè, kí ẹ tì í pa. Bí ọmọ tó ti ń dàgbà bá ń rẹ̀wẹ̀sì, ẹ má bù nínú tiyín fún un, nítorí láàárín àwọn tí kò tíì pé ọdún 25, oògùn yìí lè ru èrò ikú sókè ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Dókítà ni kó kọ tirẹ̀, kí ẹ̀yin máa ṣọ́ ọ. Bí irú èrò bẹ́ẹ̀ bá wọlé, sí òbí tàbí sí ọmọ, ẹ pe 112 lójú ẹsẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín lálẹ́ òní pé ara màmá tàbí bàbá kò yá, dókítà ń tọ́jú rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀bi wọn.