Kérésìmesì ní Ilẹ̀ Àlejò: Ẹ̀kọ́ láti Àgbádárìgì

Ní àkókò yìí, ọ̀rọ̀ a máa lọ, a sì máa bọ̀, láàrin àwọn òbí tí ń bẹ nílé àti àwọn ọmọ wọn tí ń bẹ ní London, ní Amẹ́ríkà àti ní ibòmíràn. Ọ̀ràn kan náà ni ó sì ń dun gbogbo wọn: báwo ni a ó ti ṣe Kérésìmesì ní ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwa? Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí ọmọ bá ti bá àwọn Òyìnbó ṣe ọdún tiwọn, ó gbàgbé ilé baba rẹ̀ nìyẹn. Àwọn mìíràn ní kí á fi ìṣe ilé sílẹ̀ nílé, kí ọmọ má baà di ẹni ẹ̀sín láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí á tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ẹ jẹ́ kí á jọ lọ sí Àgbádárìgì, nítorí ibẹ̀ ni a ti ṣe èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Kérésìmesì àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà.

Àgbádárìgì wà ní ìwọ̀ oòrùn Èkó, létí ọ̀sà, lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́. Àwọn Ẹ̀gùn ni onílùú. Àwọn Yorùbá sì ti ń bá wọn gbé láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tí ó bá dúró ní Marina yóò rí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú ní òdì kejì omi, pẹ̀lú àwọn igi àgbọn rẹ̀. Ibẹ̀ ni a ń fi ọkọ̀ kó àwọn ẹrú gbà lọ sí etí òkun ńlá. Àwọn afinimọ̀nà a máa fi kànga kan han àlejò níbẹ̀, wọn a sì sọ pé omi rẹ̀ ni a ń fún ẹrú mu kí ó lè gbàgbé ilé. Ṣùgbọ́n a rí àwọn tí kò gbàgbé. Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tí a ti gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ ẹrú, tí wọ́n sì ti ń gbé ní Sàró, ti bẹ̀rẹ̀ sí gba etíkun yìí padà wá sí ilẹ̀ baba wọn.

Nítorí àwọn wọ̀nyí ni a ṣe rán àwọn oníwàásù wá. Ní September 24, 1842, Àlùfáà Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, òun àti William de Graft. Freeman lọ kí Ṣódẹkẹ́ ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí ó padà dé ní ọjọ́ tí Kérésìmesì ku ọ̀la, ó bá Henry Townsend ti ìjọ C.M.S., tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Sàró dé pẹ̀lú Andrew Wilhelm àti John McCormack. Wọ́n sì jọ ṣe ọdún náà. Òkúta ìrántí kan wà ní iwájú Gbọ̀ngàn Ìlú títí di òní, níbi tí igi Agia ti dúró, igi tí a ti wàásù lábẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1842. Igi náà wó ní June 20, 1959.

Ẹ wo irú àwọn ènìyàn tí wọ́n ṣe ọdún yìí. Exeter ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ilé Townsend. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a bí Freeman sí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni baba rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ìyá rẹ̀. Fante láti etíkun tí à ń pè ní Gánà lónìí ni de Graft. Sàró ni àwọn yòókù ti wá. Mẹ́tọ́díìsì àti C.M.S. pọ̀ sí ojú kan, àwọn Ẹ̀gùn tí kò tí ì gba ẹ̀sìn náà sì ni ó gbà wọ́n lálejò. Kò sí ẹni tí ó wà ní ilé ara rẹ̀ nínú wọn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ṣe Kérésìmesì ní ilẹ̀ àjèjì lónìí kò ṣe ohun tuntun. Bí ọdún náà ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa gan-an nìyẹn.

Ohun tí ó jọ wá lójú jù lọ ní Àgbádárìgì ni ọ̀ràn Samuel Ajayi Crowther. Ní ọdún 1821 ni a kó o lẹ́rú. Ní 1822 ni a gbà á sílẹ̀. Ní December 11, 1825, ní Sàró, ni a sì ṣe ìrìbọmi fún un. Ní January 1845, òun, Townsend àti Gollmer gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, wọ́n ń fẹ́ lọ sí Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ ti kú, ọ̀nà sì dí. Gollmer kọ́ ilé alájà kan sí etí ọ̀sà ní ọdún náà, èyí tí à ń pè ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Báyìí ni Kérésìmesì 1845 ṣe bá Crowther ní Àgbádárìgì. Ìyá rẹ̀, Àfàlá, ń bẹ láàyè ní agbègbè Abẹ́òkúta, tí kò ju nǹkan bí ọgọ́ta máìlì lọ. Ìyá kò mọ̀ pé ọmọ wà nítòsí, ọmọ kò sì mọ̀ pé ìyá wà láàyè.

Ní August 21, 1846, wọ́n fojú kan ara wọn. Orúkọ ọmọ ti yí padà, aṣọ rẹ̀ ti yí padà, ẹ̀sìn rẹ̀ sì ti yí padà. Àlùfáà tí a fi jẹ oyè ní London ni. Ohun kan ṣoṣo ni kò yí padà: èdè Yorùbá wà lẹ́nu rẹ̀. Òun ni ó tilẹ̀ tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè náà jáde ní 1843, tí ó sì fi èdè náà wàásù ní Sàró ní 1844. Kò wá ògbufọ̀ kí ó tó lè bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní February 5, 1848, a ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà, a sì pè é ní Hánà, nítorí òun ni ìyá Samuẹli.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nìyí. Àdàlù kì í ba ọdún jẹ́. Màrìwò tí à ń so mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní Kérésìmesì, ojúbọ Ògún ni àwọn baba wa ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Àwo oúnjẹ tí à ń bò tí à ń gbé lọ fún Mùsùlùmí aládùúgbò, tí òun náà yóò fi ẹran Iléyá san padà, kò sí nínú ohun tí Òyìnbó kọ́ wa. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti fi ohùn orin ìbílẹ̀ kọ orin ìyìn, ó sì gba púpọ̀ nínú wọn sínú àwo orin ní London ní ọdún 1922. Ìjọ kò sì bàjẹ́ nítorí rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa tí ń bẹ lẹ́yìn odi, ẹ gbé igi Kérésìmesì kalẹ̀, kí ẹ sì jẹ tòlótòló pẹ̀lú ìrẹsì àti dòdò. Bí òtútù kò bá jẹ́ kí ọmọ wọ aṣọ òkè nìkan, ẹ wọ ẹ̀wù òtútù lé e. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá láìsí èdè wa nínú rẹ̀. Kí baba ka ìtàn ìbí Jésù nínú Bíbélì Yorùbá. Kí ìyá fi oríkì jí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní òwúrọ̀ ọdún. Kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ kí ìyá-ìyá rẹ̀ lórí ẹ̀rọ tẹlifóònù, kì í ṣe kí ó máa rẹ́rìn-ín sí i lásán. Ẹ̀yin òbí tí ń bẹ nílé pẹ̀lú, nígbà tí àwọn ọmọ-ọmọ bá dé ní December, ẹ má ṣe fi ahọ́n tí kò yí dáadáa ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ fi sùúrù kọ́ wọn. Kànga amúnigbàgbé kò sí nínú oúnjẹ àjèjì. Ilé tí a kò ti bá ọmọ sọ̀rọ̀ ni ó wà. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ìyá àti ọmọ yóò tún pàdé, ó sì yẹ kí wọ́n lè gbọ́ ara wọn yé.

A kí yín kú ọdún, kú ìyèdún. Kí Olúwa mú kí àwọn tí ń bẹ lájò bọ̀ wálé ní àlàáfíà. Àṣèyí ṣàmọ́dún o.