Katakata Àtijọ́ Kan àti Sípánà Bàbá Mi

Iṣẹ́ àtúnṣe kẹ̀kẹ́ ni bàbá mi ń ṣe ní ìlú Ìkìrun nígbà tí mo wà ní ọmọdé. Abẹ́ igi ọdán kan ni ó máa ń jókòó sí, àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ a sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èmi kò fẹ́ràn iṣẹ́ náà rárá. Ìwé ni mo fẹ́, nítorí mo gbà pé ẹni tí ó bá mọ̀wé kò tún ní í fi ọwọ́ kan gírísì mọ́ láyé. Nígbà tí bàbá mi kú ní ọdún 1998, èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí ni àwọn ẹbí bi léèrè ohun tí a ó fi àpótí náà ṣe. Mo ní kí wọ́n tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. Èmi kò tilẹ̀ ṣí i wò kí n tó sọ bẹ́ẹ̀. N ó tún padà sí ọ̀rọ̀ àpótí yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ẹ̀rọ tí ó rán mi létí rẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Ohio ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni mo ń gbé báyìí, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo sì ń ṣe níbẹ̀. Ẹsẹ̀ òkè ni ilé mi wà. Ní ọdọọdún, bí yìnyín bá ti yọ́ tí òjò sì bẹ̀rẹ̀, omi a ṣàn láti orí òkè wọ inú yàrá tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ ilé náà. Ó di dandan kí n gbẹ́ kòtò tí yóò gba omi náà lọ, ṣùgbọ́n owó tí àwọn agbẹ́lẹ̀ ń bèèrè ju agbára mi lọ. Ní àkókò yìí ni bàbá àgbàlagbà kan tí ilé rẹ̀ kángun sí tèmi mú mi wọ inú abà rẹ̀. Katakata kékeré kan ni mo bá níbẹ̀, eruku àti ìpẹtà ti bò ó. Kò ní ìjókòó bí katakata ńlá. Táyà méjì péré ni ó ní, pẹ̀lú ọwọ́ gígùn méjì tí awakọ̀ rẹ̀ yóò dì mú, tí yóò sì máa rìn tẹ̀lé e lẹ́yìn bí ẹni ti bárò. Iwájú rẹ̀ ni wọ́n de apá irin kan mọ́, apá náà ní oríkèé bí ti ènìyàn, korobá eléyín sì wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ fún ilẹ̀ gbígbẹ́.

Bàbá náà wí fún mi pé, “Tíṣà, àwọn ọmọ mi ti sọ pé bí mo bá kú, ọ̀dọ̀ àwọn tí ń yọ́ irin ni àwọn yóò gbé e lọ. Ìwọ mú un. 300 dọ́là ni n ó gbà lọ́wọ́ rẹ, ṣùgbọ́n o ní láti ṣe ìlérí pé ìwọ kò ní í tà á fún wọn láéláé.” Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣe ni èmi ti ṣe.

Irú ẹ̀rọ yìí ní ìtàn. Ọkùnrin kan tí ń ya fọ́tò tà ní ìpínlẹ̀ West Virginia, Benjamin Franklin Gravely, ni ó ronú kàn án. Ó fẹ́ ohun tí yóò mú iṣẹ́ ọgbà fúyẹ́, ó sì so ẹ́ńjìnì alùpùpù mọ́ ohun ìtúlẹ̀ tí a ń fi ọwọ́ tì. Ní ọdún 1916 ni ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ lórí rẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1922, ilé iṣẹ́ tí ń ṣe é ti wà ní ìlú Dunbar. Táyà kan ni ti àkọ́kọ́ ní. Lẹ́yìn náà ni èyí tí a ń pè ní Model L dé, tí ó ní táyà méjì. Model L ni èyí tí mo rà. Ohun tí ó mú kí àwọn àgbẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnì kan ṣoṣo ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀: bí a bá yọ ohun ìtúlẹ̀ kúrò níwájú rẹ̀, a lè fi ohun ìgékoríko sí i, bí a bá yọ ìyẹn, a lè fi ohun tí ń kó yìnyín sí i. Apá ìwalẹ̀ tèmi kò ti ilé iṣẹ́ wá. Bàbá náà, tí ó ti fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣe iṣẹ́ jíjó irin pọ̀, ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.

Nígbà tí mo gbé e dé ilé, pístìnì rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ inú sílíńdà, kò sì yí rárá. Ìkánjú mú mi. Mo gbé òòlù, mo lù ú. Dípò kí ó yí, ńṣe ni ọ̀kan nínú àwọn irin pẹlẹbẹ tí ń gba atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnì ṣẹ́ bọ́ sílẹ̀. Irin yìí kì í tẹ̀. Bí a bá fi ipá mú un, kíkán ni yóò kán. Bàbá náà wo irin tí ó ṣẹ́, ó wò mí, ó ní, “Tíṣà, ohun tí ó ti sùn fún ogún ọdún, ìṣẹ́jú kan ni o fẹ́ fi jí i?” Ó ní kí n tú púlọ́ọ̀gì, kí n rọ òróró sí ojú ihò rẹ̀, kí n sì lọ jókòó.

Bí mo ti ń rọ òróró náà ni mo rántí bàbá mi. Bí nọ́ọ̀tì kẹ̀kẹ́ kan bá ti dípẹtà, kì í bá a jà. Yóò da epo kẹrosíìnì sí i ní ìrọ̀lẹ́, yóò sì wí pé, “Ẹ fi í sílẹ̀, yóò dáhùn.” Èmi a máa rẹ́rìn-ín, mo rò pé ọ̀lẹ ni ó ń ṣe é. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ní òwe yìí ní kíláàsì kí n tó mọ ohun tí ó ń sọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo yí ẹ́ńjìnì náà díẹ̀, ó sì yí. Mo sọ ọ́ sókè ní èdè wa: “Ó dáhùn!”

Mo fọ kábúrétọ̀, mo pààrọ̀ òróró inú gíà, mo sì nu ojú ibi tí iná ti ń ṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo kọjú sí apá ìwalẹ̀. Òróró ni agbára rẹ̀. Ẹ́ńjìnì ń yí ohun tí ń fa òróró, ìyẹn ń tì í gba inú rọ́bà lọ sínú àwọn sílíńdà tí ń ká apá náà tí wọ́n sì ń nà án. Òróró kì í fún pọ̀ bí atẹ́gùn. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Blaise Pascal, ti ṣàlàyé rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1650 pé bí a bá tẹ ohun olómi tí a sé mọ́ inú nǹkan níbì kan, ibi gbogbo nínú rẹ̀ ni yóò mọ̀ ọ́n lára bákan náà. Nítorí náà ni ẹ́ńjìnì kékeré fi lè hú òkúta tí ọkùnrin méjì kò lè gbé.

Ṣùgbọ́n agbára yìí ní ewu. Ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ dán apá náà wò, mo rí i pé rọ́bà kan tutù. Mo na ọwọ́ láti fi wá ibi tí ó ti ń jò. Bàbá náà gbá mi lọ́wọ́ mú pẹ̀lú agbára tí n kò mọ̀ pé ó ṣẹ́kù sí i lára, ó sì pa ẹ́ńjìnì náà. Ó wá kọ́ mi pé òróró tí ń tú jáde láti ojú ihò tí kò tó orí abẹ́rẹ́ lè gún awọ wọ inú ẹran ara, débi pé wọ́n lè gé ọwọ́ olúwarẹ̀. Páálí ni a fi ń wá ibi tí ó ti ń jò, a kì í fi ọwọ́ wá a. Ọwọ́ tí mo fi ń kọ̀wé yìí, òun ni ó gbà á là.

Mo ra rọ́bà tuntun. Kí n tó gbẹ́ ohunkóhun, mo pe nọ́ńbà 811, èyí tí ó ti wà láti ọdún 2007 fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn òṣìṣẹ́ wá, wọ́n fi ọ̀dà sàmì sí ilẹ̀: pupa fún wáyà iná mànàmáná, búlúù fún omi, àwọ̀ ìyeyè fún afẹ́fẹ́ ìdáná. Ìlà ìyeyè náà gba ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gan-an kọjá. Mo yí kòtò mi gba ibòmíràn. Mo sọ ẹsẹ̀ irin méjèèjì tí ń gbé ẹ̀rọ náà dúró kalẹ̀, nítorí láìsí wọn, korobá yóò fa ẹ̀rọ náà ṣubú. Mo wé okùn awọ mọ́ ojú ibi tí a ti ń jí ẹ́ńjìnì, mo fà á. Ní ìgbà kẹrin, ó dún. Bàbá náà gbé ọwọ́ lé ọwọ́ ẹ̀rọ náà, kò sì sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Sátidé mẹ́ta ni mo fi gbẹ́ kòtò náà. Nígbà tí yìnyín yọ́ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, omi gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, yàrá mi sì gbẹ.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo rí èyí, mo tẹ àbúrò mi láago ní Ìkìrun, mo bi í bóyá ohunkóhun ṣẹ́kù nínú irinṣẹ́ Bàbá. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni ẹ ní kí a tà wọ́n.” Mo ní mo mọ̀. Ó wá sọ fún mi pé òun fi sípánà kan pamọ́ lọ́jọ́ náà, òun kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fi í rán ẹnìkan sí mi.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, mo ti dán sípánà náà wò lára gbogbo nọ́ọ̀tì tí ó wà lára katakata mi. Kò bá ẹyọ kan mu; ti kẹ̀kẹ́ ni. Mo fi í kọ́ ara ògiri lókè ẹ̀rọ náà. Bí iṣẹ́ bá le tí ìkánjú sì fẹ́ mú mi, mo máa ń gbójú sókè wò ó, n ó sì gbé òòlù sílẹ̀.