Ilé Tí Arúgbó Lè Gbé

Àwa ọmọ ìyá mẹ́rin ni a fohùn ṣọ̀kan láti kọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ohun tí ojú wa rí lórí Yèyé wa, kí àwọn ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n.

Ọmọ Iléṣà ni wá. Òṣómàáló ni bàbá wa. Aṣọ ni ó ń tà láwìn kiri títí tí ó fi kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan sílé, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ Ìjẹ̀ṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe. Ilé iyì ni. Òkè ni a ń sùn, ẹ̀yìnkùlé ni ṣáláńgá wà. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ga, ó há, kò sì sí ohun tí èèyàn lè dì mú níbẹ̀.

Lẹ́yìn ikú bàbá wa, Yèyé kò fẹ́ fi yàrá òkè sílẹ̀. Ó kọ̀ láti lo póò, ó ní òun kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Láràárọ̀ ni a ń gbàdúrà ẹ̀mí gígùn fún un. A kò mọ̀ pé láti ìrọ̀lẹ́ ni kì í ti í mu omi mọ́, kí ìtọ̀ má baà mú un sọ̀ kalẹ̀ lóru. Àìmu omi yìí sì ń mú kí òòyì máa kọ́ ọ. Lóru ọjọ́ kan tí kò sí iná, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, egungun ìbàdí rẹ̀ sì dá.

Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, a rí i pé ìpele kẹta ti fọ́ létí láti ọdún púpọ̀. Gbogbo wa ni a mọ̀. Gbogbo wa ni a ń fò ó kọjá.

Nígbà tí ó kúrò nílé ìwòsàn, a wá ilé ìtọ́jú àwọn àgbà lọ sí Òṣogbo, níbi tí méjì nínú wa ń gbé. Èyí tí a kọ́kọ́ wò dára lójú, àwọn olùtọ́jú ibẹ̀ sì lójú àánú. Ṣùgbọ́n táìlì rẹ̀ ń yọ̀ bí omi bá ti kàn án, ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ kò gba àga onítáyà, fèrèsé rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ikọ́ ẹnì kan lè di ti gbogbo yàrá. Ojú àánú kò lè gbé arúgbó dúró lórí ilẹ̀ yíyọ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 684,000 èèyàn ni ìṣubú ń pa lọ́dọọdún lágbàáyé, àwọn tí ó ti lé ní 60 ọdún ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2019 lórí àwọn aláàbọ̀ ara fún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń lò ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí aláìlera lè gbà wọlé. Ọdún 5 náà ti pé láti 2024. Ṣáájú òfin yìí, Ọlọ́run ti kìlọ̀ fún onílé nínú Deuteronomi 22:8 nípa odi tí ó yẹ kí ó wà yí òrùlé ká. Kò fi ọ̀rọ̀ ìṣubú sílẹ̀ fún àdúrà nìkan.

Yàrá ìsàlẹ̀ nílé ẹ̀gbọ́n wa ní Òṣogbo ni a tún ṣe fún Yèyé. Bíríkìlà ha ilẹ̀ kí ó má baà yọ̀. Wẹ́dà fi irin ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìyàgbẹ́ àti ibi ìwẹ̀. A fi sìmẹ́ǹtì ṣe ọ̀nà tí ó rọra dagẹ̀rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà: íǹṣì 12 ní gígùn fún íǹṣì 1 tí ó ga. A ra àtùpà tí ń mọ́lẹ̀ di àárọ̀. Owó tí a ti dá jọ fún ayẹyẹ ọgọ́rin ọdún rẹ̀ ni a fi ṣe é.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí yín, tàbí ilé ìtọ́jú tí ẹ fẹ́ fi wọ́n sí, ẹ rin ọ̀nà ibùsùn dé ilé ìyàgbẹ́ lálẹ́ láìtan iná. Ohun tí ẹsẹ̀ yín bá kọ̀ níbẹ̀, ẹ tún un ṣe.

Ọ̀pá ni Yèyé fi ń rìn báyìí. Ṣùgbọ́n kí ó tó sùn lálẹ́, ó máa ń béèrè ago omi rẹ̀.