Akọni tí a kò bi í léèrè ọmọ

Àdúgbò Dar es Salam ní Niamey ni mo wà lálẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ àwọn akọni inú ìtàn kò sì kúrò lọ́kàn mi. Ní 1966, Moustapha Alassane, ọmọ ilẹ̀ Niger, ṣe fíìmù Le Retour d'un aventurier. Ọ̀dọ́kùnrin kan ti Amẹ́ríkà dé, ó kó aṣọ kaboi fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n wọ̀ ọ́ tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da abúlé rú. Akọni àyálò nìyẹn.

Ti Sarraounia yàtọ̀. Ní 1899, ọbabìnrin àwọn Azna yìí dojú kọ àwọn ọmọ ogun Faransé tí Voulet àti Chanoine kó wá sí Lougou ní Niger. Ohun ìjà wọn ju tirẹ̀ lọ. Ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wọ igbó, kò sì túúbá. Abdoulaye Mamani kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1980, Med Hondo sọ ọ́ di fíìmù ní 1986, fíìmù náà sì gba ẹ̀bùn tó ga jù ní àjọ̀dún fíìmù FESPACO ní 1987.

Mo rántí tiwa. Akàrà-ògùn inú ìwé Fágúnwà wọ Igbó Irúnmalẹ̀, ó sì padà wálé pẹ̀lú ìròyìn. Mọremí gba Ifẹ̀ là, ọmọ rẹ̀ Olúorogbo ló fi san ẹ̀jẹ́. Kí ló dé tó fi jẹ́ ọmọ la gbà lọ́wọ́ obìnrin? Ọgbọ́n ogun ni Sarraounia fi di akọni, a kò bi í léèrè ọmọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá fíìmù Sarraounia yẹn, kí ẹ jókòó ti àwọn ọmọbìnrin yín wò ó.