Iṣẹ́ Bíríkìlà Ń Wá Ẹni Tó Mọ̀ ọ́n

Kò sí ibi tí wọn kì í ti kọ́lé ní Lẹ́kì, Ìbẹ̀jù àti Mówé báyìí, síbẹ̀ agbaṣẹ́ṣe tó bá ń wá ojúlówó bíríkìlà mẹ́wàá lè wá wọn títí kó má rí wọn kó pé. Àwọn agbaṣẹ́ṣe fúnra wọn ló ń pè mí pé, "Bàbá, ẹ bá wa wá àwọn ọmọ." Ọmọ kún ìgboro. Èyí tó jókòó kọ́ṣẹ́ parí láàárín wọn ló wọ́n.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ti kọ́ṣẹ́, ní 1977, ọdún tí FESTAC wáyé. Ọ̀gá mi kì í jẹ́ ká gbàgbé ibi tí iṣẹ́ yìí ti ṣẹ̀ wá. Kí símẹ́ǹtì tó dé, amọ̀ ni àwọn baba wa fi ń mọlé: wọ́n á mọ ipele kan yíká, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ, kí wọ́n tó mọ òmíràn lé e. Àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì padà wálé ló wá fi ọ̀nà ìkọ́lé mìíràn han Èkó. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú wọn, ló léwájú iṣẹ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, ọmọ onílẹ̀ kan tó ń jẹ́ Sanusi Aka sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà pẹ̀lú rẹ̀. Bí iṣẹ́ ṣe ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn nìyẹn. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ ní 1960, owó epo sì sọ gbogbo ìlú di sáìtì.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi sin ọ̀gá. Lọ́dún àkọ́kọ́, n kò fọwọ́ kan ògiri: yanrìn ni mo ń jọ̀, omi ni mo ń pọn. Lẹ́yìn náà ló fi igun ilé hàn mí. Láti ibi tí okùn méjì ti pàdé, wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 lára okùn kan, wọn 4 lára èkejì, kí o wá wọn láti ojú àmì kan sí ìkejì. Bí kò bá jẹ́ 5 géérégé, igun yẹn wọ́, tú okùn kí o tún un ta. Ó máa ń fi tùm̀bà wo ògiri lẹ́yìn wa, èyí tó bá fì báyìí, ó ti wó o nìyẹn. Kọnkéré tí a bá dà, ọjọ́ 7 la fi ń bu omi rin ín.

Owó ojúmọ́ ló ba ètò ẹ̀kọ́ṣẹ́ yìí jẹ́. Ọmọ tó lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ mi á gbọ́ pé sáìtì kan ń san owó bíríkìlà fún ẹnikẹ́ni tó bá lè to búlọ́ọ̀kù, ó di kó má padà wá mọ́. Òmíràn gun ọkadà, owó rẹ̀ ti wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ebi ò jẹ́ kí n lè dá wọn lẹ́bi púpọ̀. Àmọ́ agbaṣẹ́ṣe tó gba ọmọ náà torí pé owó rẹ̀ kéré, òun ló gé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kúrú, òun náà ló sì tún ń pariwo pé òun ò rí òṣìṣẹ́.

Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ kí táìsì ilé òun dọ́gba, ará Kútọnu tàbí Tógò ló sábà máa ń wá. N kò bínú sí wọn, mo ti bá wọn ṣiṣẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ to táìsì sílẹ̀ láìlo símẹ́ǹtì, wọ́n á wo bí èyí tí wọ́n máa gé ní etí ògiri méjèèjì yóò ṣe bára mu, kí wọ́n tó po ohunkóhun. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ dójú ẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin onílé àti agbaṣẹ́ṣe, tí ẹ bá ń ṣàdéhùn iṣẹ́, ẹ ka ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ méjì mọ́ ọn, kí ẹ máa fún wọn lówó oúnjẹ àti owó ọkọ̀. Ẹ béèrè ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tó bá wáṣẹ́ wá sọ́dọ̀ yín. Ẹ̀yin òbí, ẹ mú àwọn ọmọ yín wá nígbà tí àwa tí a mọ̀ ọ́n ṣì lágbára láti kọ́ wọn.